Bí Ọdẹ́rìnlọ Ṣe Gbé Orúkọ Wọ Ìlú Ọ̀wọ́n

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tó bá jókòó sọ́nà jíjìn, ìdajì ìtàn ni yóò gbé délé, irọ́ ni yóò sì fi dí ìdajì yòókù. Kí àwọn tó ń jẹ ẹ̀pà rọra máa jẹ ẹ́, kí ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ tètè wúkọ́, nítorí ìtàn ọdẹ kì í dúró de oníkọ́. Èmi Àjàgbé tí ẹ ń wò yìí, mo ti wọ igbó tí igi ibẹ̀ ń kí ara wọn láràárọ̀, mo ti yá iná lọ́wọ́ ẹkùn, mo sì ti sín lẹ́ẹ̀kan rí tí ẹfọ̀n mẹ́ta dákú. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi àwọn ẹfọ̀n náà léèrè.

Ṣùgbọ́n ìtàn tèmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìtàn Ọdẹ́rìnlọ ni, ọkọ Àwẹ̀ró àbúrò mi. Òun náà ló wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lọ́hùn-ún yẹn, tó fi apá bojú bí ẹni tó ń sùn. Kò sùn o. Ó ń gbọ́ wa. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ń sọ ìtàn yìí, ó máa ń dùn, ṣùgbọ́n ibì kan wà tó máa ń fò. Èmi kò ní fò ó. Bí ènìyàn yóò bá jẹ ọ̀pọ̀lọ́, kó kúkú jẹ èyí tó lẹ́yin nínú.

Ọdẹ́rìnlọ mọ iṣẹ́ ọdẹ dájú, ṣùgbọ́n ó háwọ́ díẹ̀. Mo ní díẹ̀ nítorí pé àna mi ni. Bí ó bá fẹ́ yìnbọn fún ẹran, á kọ́kọ́ dúró wò ó bóyá ẹran náà kò ní kú fúnra rẹ̀, nítorí ètù wọ́n. Ohun kan ṣoṣo ni kì í háwọ́ sí. Bí ó bá ń jẹun tí ẹnikẹ́ni kọjá, ìbáà jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, á gbóhùn sókè: "Ẹ wá bá mi jẹun o!" Bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa náà nìyẹn. Ẹni tí ó pè á dáhùn pé, "Á gba ibi ire o," á sì bá tirẹ̀ lọ. Gààrí a kù síbẹ̀ pérépéré, ọ̀wọ̀ a sì ti kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Ìpè náà kì í ná ènìyàn ní nǹkan kan, ìdí nìyẹn tí Ọdẹ́rìnlọ fi fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹyẹ àdàbà kan bà sórí òrùlé rẹ̀. Ó ní, "Ọdẹ́rìnlọ, láti Ìlú Ọ̀wọ́n ni mo ti ń bọ̀. Ìbídùn ọmọ rẹ ló rán mi. Fún mi ní àgbàdo kí n tó jẹ́ iṣẹ́ náà." Wọ́n fún un ní àgbàdo. Ó ní, "Ìbídùn ti bímọ." Ó dákẹ́, ó ń wo ilẹ̀. Wọ́n tún fún un ní àgbàdo. Ó ní, "Obìnrin ni." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi àgbàdo ra ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹyẹ yìí títí ìṣà àgbàdo fi dé ìdajì.

Ohun tí Ìbídùn rán an nìyí. Ní Ìlú Ọ̀wọ́n níbi tí ó ti relé ọkọ, kò sí ohun tí wọn kì í tà, orúkọ pàápàá, ọjà ni. Orúkọ tó ní ìtumọ̀ wọ́n ju ẹṣin lọ. Èyí tí agbára òun àti ọkọ òun ká ni èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ní ìsàlẹ̀ igbá, orúkọ náà sì ni Nǹkan. Nǹkan Kẹrìnlélógójì, nítorí pé Nǹkan mẹ́tàlélógójì ti wà ní ìlú náà ṣáájú. Òfin gba ẹni tó bá fẹ́ láyè kó mú orúkọ wá láti ilé, ṣùgbọ́n bí oòrùn ọjọ́ kẹjọ bá wọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mú un dé, Nǹkan ni ọmọ náà yóò máa jẹ́ títí tí yóò fi hewú.

Àwẹ̀ró tú gèlè, ó tún un wé, ó tún un tú. "Nǹkan! Ọmọ tí Ìbídùn tèmi bí, Nǹkan!" Ó ti ní orúkọ tirẹ̀ nílẹ̀ láti ọjọ́ tí Ìbídùn ti relé ọkọ. Òun ì bá gbé e lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n orúnkún kò gbà. Wọn kò sì lè rán ẹyẹ yẹn, nítorí yóò tà á lójú ọ̀nà kí ó tó kọjá odò àkọ́kọ́. Ó fa Ọdẹ́rìnlọ létí mọ́ra, ó sọ orúkọ náà sí i. Ó ní, "Baba Ìbídùn, ẹ ò gbọdọ̀ pè é lọ́nà o. Ọ̀rọ̀ tó bá bọ́ sílẹ̀ ní ìlú yẹn, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ló ni ín. Ilé ọmọ ni kí ẹ ti la ẹnu."

Ọdẹ́rìnlọ fọwọ́ sọ àyà. "Wọ́n ní ìlú náà wọ́n. Ta ló wọ́n fún? Èmi Ọdẹ́rìnlọ yóò wọ ibẹ̀, n óò sì jáde, kọ́bọ̀ kan kò ní bọ́ lápò mi." Òótọ́ ló sọ, nítorí kò fi kọ́bọ̀ kankan sínú àpò náà.

Àpò awọ ìgalà ni àpò yìí, Ṣọ́wóná ni ó sọ ọ́. Ó da gààrí sí i, ó kó kúlíkúlí sí i, ó di àádùn àti róbó, ó to ẹran òyà gbígbẹ lé wọn lórí. Ó ká ẹní, ó so akèrègbè omi mọ́ ọn. Nígbà tí ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, àpò náà ga jù ú lọ, ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ á rò pé àpò ló hu ẹsẹ̀ tó ń rìn lọ. Ìbọn ńkọ́? Ó fi í sílẹ̀. Ètù wọ́n. Ọdẹ tó ń lọ sí igbó ìwin láìgbé ìbọn! Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, a ò tíì débì kankan.

Àwẹ̀ró sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹnu yín ni kí ẹ ṣọ́ o, ẹ fi àpò sílẹ̀."

"Ẹnu tèmi? Àwẹ̀ró, fọkàn balẹ̀. Mo ti tì í pa."

Ọjọ́ kan ni ẹyẹ ti fi fò, ọjọ́ mẹ́fà ni ẹsẹ̀ ń rìn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Kí oòrùn tó dé àtàrí, ó ti wọ Igbó Ìdíyelé. Igbó yìí ni ìloro Ìlú Ọ̀wọ́n. Ìwin kan wà nídìí igi kọ̀ọ̀kan tó ń ta ohun tí igi náà ní. Ọ̀kan ń ta òórùn òdòdó, ọ̀kan ń ta ìró ewé. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà, Ọdẹ́rìnlọ sì yà sábẹ́ ìrókò kan. Bí ó ṣe tẹ ìdí sílẹ̀ báyìí ni oníbòji yọ sí i. Ẹnu méjì ni ìwin yìí ní, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan ní ìpàkọ́. Ẹnu iwájú ń díye lé ọjà, ẹnu ìpàkọ́ ń fi kún un.

"Ibòji yìí, ẹṣin kan," ni ẹnu iwájú wí.

Inú Ọdẹ́rìnlọ dùn. Nídìí ọjà níná ni wọ́n ti bí i. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó fẹ́ lọ. "Ẹ gba ẹyẹlé kan."

"Ẹṣin méjì," ni ẹnu ìpàkọ́ wí.

"Ẹ̀yin náà! Ó ti pọ̀ jù. Adìyẹ kan ńkọ́?"

"Ẹṣin mẹ́rin."

Níhìn-ín, bí ènìyàn bá ń ná ọjà, ọlọ́jà á máa sọ̀ kalẹ̀. Lọ́hùn-ún, bí o bá ṣe ń ná an ni yóò máa gun òkè, nítorí wọ́n ní ẹni tó dúró ná ọjà, ọjà náà wù ú dájú. Ọdẹ́rìnlọ kò mọ̀. Ó ná an, ó ná an, ó fi ìyá rẹ̀ tó ti kú bẹ ìwin náà, ó lọ, ó padà, àfìgbà tí iye náà di ẹṣin méjìlélọ́gbọ̀n pẹ̀lú ẹni tí yóò máa fún wọn ní koríko. Ìgbà yẹn ló tó pa ẹnu dé. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi lélẹ̀. Ìwin náà wò ó, ó fi dé orí, fìlà náà sì bo ẹnu ìpàkọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ọdẹ́rìnlọ jókòó sí ibòji tó rà. Ó ti mí kanlẹ̀ kí ó tó rántí pé fìlà náà ti ń ṣe ibòji fún òun lọ́fẹ̀ẹ́ láti ogún ọdún.

Ní ọjọ́ kejì ó jáde nínú igbó, ó sì dé oríta kan níbi tí àpáta kan wà. Ebi ti ń pa á. Ó bu gààrí sínú igbá, ó da omi lé e, ó fọ́ kúlíkúlí sí i, ó gé ẹran òyà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó ku díẹ̀ kó kan ẹnu, ni obìnrin kan bá ń kọjá lọ. Obìnrin náà ga débi pé ó ń tẹ̀ kọjá lábẹ́ ẹ̀ka igi.

"Ẹ wá bá mi jẹun o!" ni ẹnu Ọdẹ́rìnlọ wí.

Obìnrin náà dúró. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Ta lò ń bá wí?"

"Ẹ̀yin ni, màmá. Ẹ wá jẹun."

"Èmi? Nínú èyí tó wà níwájú rẹ yẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Ó wá. Ó jókòó, ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ gígùn sílẹ̀ lọ́nà mẹ́ta, ó ti ọwọ́ bọ igbá. Ẹnu Ọdẹ́rìnlọ là sílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ló ti ń pe ènìyàn jẹun, ẹnikẹ́ni kò wá rí. Kò tíì ronú ohun tí yóò ṣe tí baba kan tó fi irùngbọ̀n ara rẹ̀ gbàjá fi ń kọjá, ẹnu rẹ̀ sì tún ti wí pé, "Ẹ wá bá wa jẹun o!" Baba náà jókòó. Àwọn ìbejì tí wọ́n jọ ń lo ojú kan, tí wọ́n ń fi í yá ara wọn, kọjá. Ọdẹ́rìnlọ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gba àárín ìka jáde. Ó kọ ẹ̀yìn sí ojú ọ̀nà kó má baà rí ẹnikẹ́ni mọ́, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ènìyàn mẹ́ta, ó sì pe ìró ẹsẹ̀ náà jẹun. Ẹ rọra máa fi í ṣẹ̀sín. Ta ni nínú yín tó lè fi òkèlè sẹ́nu kí ó má pe ẹni tó ń kọjá? Ẹ dákẹ́. Mo mọ̀ yín.

Àwọn méje ni wọ́n jókòó yí i ká. Wọ́n jẹ gààrí, wọ́n jẹ àádùn, wọ́n fọ́ róbó bí ẹní fọ́ òkúta, wọ́n yí àpò Ṣọ́wóná sóde, wọ́n gbọn erùpẹ̀ gààrí inú rẹ̀ lá. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó tí wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ń retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọdẹ́rìnlọ rò pé wọ́n fẹ́ jẹ sí i. Ó rò pé òun fúnra òun ló kù. Ó já àpò rẹ̀ gbà, ó sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé àwọn méjèèje ti dìde, wọ́n ń bọ̀.

Báyìí ni ìrìn-àjò olówó pọ́ọ́kú ọkọ àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ ní ìlú tó wọ́n jù láyé: kò sí fìlà, kò sí oúnjẹ, ènìyàn méje sì ń lé e bọ̀ lẹ́yìn. Ó ń fi èso igbó tí ẹyẹ ti kọ̀ sílẹ̀ pa ebi. Ó ń sùn lóòró bí ẹṣin, nítorí dídùbúlẹ̀ ń gba owó. Ṣùgbọ́n orúkọ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ní alaalẹ́ kó tó pa ojú dé, á fi ahọ́n kàn án wò, á rí i pé ó wà níbẹ̀, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ karùn-ún tó kúrò nílé, ó dé ilé àlejò obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Olóorun. Oorun ni ó ń tà. Fífi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, iye tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fífi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sùn, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ kí ènìyàn na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ìjòyè nìkan ló tó o ṣe. Ọdẹ́rìnlọ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní òun kò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òun ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tẹ̀.

Ìyá Olóorun wò ó. "Àlọ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì já fún mi. Bí o bá já a, wàá fi ẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjà kan ni. Ẹni tó ń tà á kò mọ̀ pé òun ń tà á. Ẹni tó ń rà á kò bẹ̀ ẹ́ kó tà á. Gbogbo ilé ló sì ń jí nítorí rẹ̀. Kí ni?"

"Ìhanrun," ni Ọdẹ́rìnlọ wí, kò tilẹ̀ ronú.

Ẹ̀rù ba obìnrin náà. "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Màmá, ọgbọ̀n ọdún ni ìyàwó mi ti ń pa á fún mi láràárọ̀."

Ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó jí, ó rí gbogbo àlejò ilé náà tí wọ́n tò yí ẹní rẹ̀ ká, ojú wọn pọ́n koko. Wọ́n ní àwọn sanwó oorun, àwọn kò sì rí oorun sùn, nítorí ẹnì kan ń la gẹdú láàárín ilé. Ìyá Olóorun ní òótọ́ ni òun fún un ní oorun lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n òun kò fún un ní ìhanrun lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n gba ọ̀bẹ rẹ̀, wọ́n gba bàtà rẹ̀, wọ́n gba ẹní àti akèrègbè. Àpò nìkan ni wọ́n dá padà fún un, nítorí pé kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó bọ́ sí ọ̀nà láìwọ bàtà. Ó bojú wẹ̀yìn, àwọn méje náà tún nìyẹn lórí òkè, obìnrin gíga yẹn ń ju ọwọ́ sí i. Ó tún sá.

Ní ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọmọ náà, oòrùn ti ń lọ sílé nígbà tí ó dé ibodè Ìlú Ọ̀wọ́n. Obìnrin kan ló ń ṣọ́ ọ, Ìyá Oníbodè ni wọ́n ń pè é, ojú rẹ̀ kò mọ ẹ̀rín rí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ tó bá tẹ ẹnu ọ̀nà yìí ló ń san. Ẹsẹ̀ àlejò kan, àgbò kan. Ẹsẹ̀ méjì lo ní."

"Màmá, ẹ wò mí. Mi ò ní àgbò. Mi ò ní ìrù àgbò. Ọmọ ọmọ mi ni mo wá sọ lórúkọ."

Ìyá Oníbodè sún mọ́ ọn, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Orúkọ náà wà lẹ́nu rẹ. Mo rí i bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ṣe yọ. Pè é sétí mi báyìí, ìlẹ̀kùn á ṣí."

Ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ kan ké nínú ìlú. Ọdẹ́rìnlọ mọ igbe náà lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bí Àwẹ̀ró ṣe ń ké nígbà tí wọ́n bá fi nǹkan dù ú ni. Ọmọ náà kò jìnnà. Bí ó bá pe orúkọ náà, yóò wọlé, yóò gbé ọmọ náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí ni yóò pè é? Bí kò bá pè é, yóò jókòó síta pẹ̀lú orúkọ rere lẹ́nu títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó gbé àpò òfìfo lé itan, ó sì sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, ó sunkún. Ẹ má wo ọ̀hún yẹn, ẹ jẹ́ kó máa sùn. Ó sunkún, ṣùgbọ́n kò pe orúkọ náà.

Ibẹ̀ ni àwọn méje náà ti bá a. Wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Obìnrin gíga náà, Kò-sí-ọ̀fẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ṣubú lulẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, kí ni a fi ṣe yín tí ẹ fi ń sá fún wa? Ó di ọjọ́ márùn-ún tí a kò sùn. Ẹ fún wa ní oúnjẹ, ẹ kò sì sọ iye rẹ̀. Kí ni iye rẹ̀?"

"Kò ní iye."

Baba onírùngbọ̀n di inú rẹ̀ mú. "Ẹ gbà mí o! Ohun tí kò ní iye ló wà nínú mi! Ó sì ń wú!"

"Gààrí ni, bàbá. Ó máa ń wú," ni Ọdẹ́rìnlọ wí. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ní ìlú tiwa, a kì í díye lé oúnjẹ tí a bá fi pe ènìyàn. Bí wọ́n bá pè yín, ẹ ó ní 'Á gba ibi ire o,' ẹ ó sì máa lọ."

Kò-sí-ọ̀fẹ́ gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀. "Ẹ ní kí á máa lọ? Ṣé ẹ pè wá láìfẹ́ kí á wá ni?"

Ojú ti Ọdẹ́rìnlọ. Ẹ̀yin ènìyàn mi, nínú gbogbo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlú náà, kò sí èyí tó dùn ún tó ìbéèrè yẹn. Ó wo ojú wọn, ó rí i pé nínú ayé wọn, kò sí ẹni tó pè wọ́n jẹun rí, àfi òun. Ó ní, "Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. A máa ń pè lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní, ìyẹn ti ọmọlúàbí, ẹ ó ní 'Á gba ibi ire.' Bí wọ́n bá tún yín pè lẹ́ẹ̀kejì, ọkàn ló pè yín nìyẹn, kí ẹ wá." Ìyá Oníbodè ń gbọ́, ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Ẹ pè mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ," ni Kò-sí-ọ̀fẹ́ wí.

"Mo pè yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ," ni Ọdẹ́rìnlọ gbà. "Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ san án dandan, oòrùn ń wọ̀, ọmọ mi wà nínú ilé, èmi sì wà níta."

Kò-sí-ọ̀fẹ́ wo ibodè, ó wo ẹsẹ̀ Ọdẹ́rìnlọ, ó wo àpò. Ó la ẹnu àpò náà, àwọn ìbejì sì gbé Ọdẹ́rìnlọ lápá lẹ́sẹ̀.

Ibi tó máa ń fò nìyí! Bí ó bá ń sọ ọ́ fún yín, á ní, "Mo wá wọ ìlú." Irọ́ ni. Wọ́n rọ ọ́ sínú àpò Ṣọ́wóná bí gààrí, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, orí rẹ̀ nìkan ló yọ síta, obìnrin gíga náà sì gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ọdẹ tó ti ru àpò láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, àpò ló wá di ilé rẹ̀.

Ìyá Oníbodè na ọwọ́. "Ẹ dúró! Àpò wo ló ń hu irùngbọ̀n?"

"Òfin sọ ti ẹsẹ̀," ni Kò-sí-ọ̀fẹ́ wí. "Kò sọ ti irùngbọ̀n. Ẹsẹ̀ tèmi ló ń tẹ ilẹ̀, ọmọ ìlú ni mí."

Ìyá Oníbodè ronú títí, kò rí ibi tí yóò gbà. Ìlẹ̀kùn ṣí. Àwọn ọmọ kéékèèké sáré tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń pariwo pé "Àpò lójú! Àpò lójú!" Ọdẹ́rìnlọ pa ojú dé, ṣùgbọ́n ó fi eyín di ẹnu.

Nínú ilé Ìbídùn, akọ̀wé orúkọ ti ṣí ìwé rẹ̀, ó ti kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ Nǹkan. Ìbídùn jókòó, ó gbé ọmọ lẹ́sẹ̀, ó dorí kodò. Ó gbọ́ ariwo, ó gbé ojú sókè, ó rí baba rẹ̀ lẹ́yìn obìnrin tí kò mọ̀ rí.

"Bàbá mi! Kí lẹ ń ṣe nínú àpò?"

Ọdẹ́rìnlọ kò dáhùn. Ó na ọwọ́ méjèèjì jáde nínú àpò, ó gba ọmọ náà, ó gbé e sún mọ́ ẹnu. Oòrùn wà lórí òrùlé, ó ku bí èékánná kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ náà yóò bọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ilé.

"Ọmọ́boríowó," ni ó wí.

Akọ̀wé orúkọ ṣí ìwé rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń wá iye rẹ̀, kò rí i. Ó béèrè lọ́wọ́ Ọdẹ́rìnlọ iye tí wọ́n rà á. Ọdẹ́rìnlọ ní ìyàwó òun bí Ìbídùn, ó fún un lọ́mú, ó sì ronú, iye rẹ̀ nìyẹn. Akọ̀wé náà pa ìwé dé. Ìbídùn sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó gbá baba rẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú àpò pẹ̀lú ohun gbogbo. Ọmọ náà sín, gbogbo ilé sì kí i.

Wọ́n gbé oúnjẹ ìkómọ kalẹ̀. Kò pọ̀: ìrẹsì díẹ̀, ẹyin mẹ́ta, àwọn méje náà sì ti jókòó ti igbá. Wọ́n fa Ọdẹ́rìnlọ yọ nínú àpò. Ọjọ́ márùn-ún ni kò ti fi oúnjẹ gidi kan ẹnu, Ìbídùn sì mú ẹyin kan fún un. Ó gbé e, ó ku díẹ̀ kó kan ẹnu. Nígbà náà ni Ìyá Oníbodè ń kọjá níwájú ilé, ó ti ti ìlẹ̀kùn, ó ń lọ sílé rẹ̀.

"Ẹ wá bá wa jẹun o!" ni ẹnu Ọdẹ́rìnlọ wí.

Ìyá Oníbodè dúró. Ó tún gèlè ṣe. "Á gba ibi ire o," ni ó wí, ó sì ń lọ. Ó rìn ìṣísẹ̀ kan. Ó rìn èkejì, ó fà á bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Nígbà tí ó di ẹ̀kẹta, ó dúró, kò yíjú padà.

"Bàbá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kéré, "ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ pè mí."

Ọdẹ́rìnlọ wo ẹyin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gé e sí méjì, ó sì pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ibi tí mo fò. Ẹ wò ó, ó ti ká apá kúrò lójú, ó ń gbọn aṣọ, ó fẹ́ máa lọ sílé nítorí ohun tí mo sọ. Ẹ bá mi gbé igbá ẹ̀pà yẹn. Àna mi! Ẹ wá bá wa jẹ ẹ̀pà o!

Ẹ gbọ́ ohun tó wí? Ó ní á gba ibi ire. Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n tún un pè.